Aṣọ Ìsàmì Tí A Fi Maṣíìnì Oníke Rán

Haugesund, Norway
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, ọdún 2008

Ẹ̀gbọ́n mi Dympna,

Mo kí yín, mo sì kí orúnkún yín tí ẹ ní òjò Derry ti sọ di ti arúgbó. Ara ọmọ le. Ó ń mu ọmú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú àwẹ̀ bọ̀. Torgeir ọkọ mi ní kí n kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́ bí ẹ ṣe pè é ní apẹja tí kò mọ Ọlọ́run, torí ohùn yín kì í gbé inú fóònù.

Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí tí mo fi mú bíírò nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ ya ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹ ó ti kà á kí ẹ tó ya á. Mo mọ̀ yín.

Mo tọrọ aṣọ ìsàmì tí Màmá rán láti ara aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ ní rárá. Ẹ ní kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì láéláé, áńbọ̀sì níwájú àlùfáà tó jẹ́ obìnrin. Ó dáa. Ẹ fi í sínú àpótí yín kí kòkòrò máa fi jọ́sìn. Kì í ṣe aṣọ náà ló ń dùn mí. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nílé wa ló wọ̀ ọ́, orúkọ gbogbo wọn ló sì wà létí rẹ̀, òwú funfun lórí sẹ́dà funfun: ẹ̀yin, èmi, àwọn ọmọ yín. Ọmọ tèmi nìkan ni kò ní sí níbẹ̀, bí ẹni pé orí àkìtàn ni mo ti ṣà á.

Nítorí náà, mo ti ra maṣíìnì ìránṣọ. Mo lọ ra wàrà àti ìlédìí ọmọ, mo bá a láàárín ọ̀pá ìpẹja àti òdòdó inú ìkòkò, mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ọjà. Oníke ni, kò wọ́n. Mi ò rán nǹkan kan rí láyé mi, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́dà tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìgbéyàwó Màmá, èyí tó fún mi lọ́jọ́ tí mo ń kúrò nílé, ó wà lọ́wọ́ mi. Òun ni n ó fi rán aṣọ ìsàmì ọmọ mi. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni ìsàmì náà. Aṣọ kan náà ni, láti ara ìyá kan náà. Tí mo bá rán an tán, kí lẹ tún fẹ́ sọ tí ẹ ò fi ní kọ orúkọ ọmọ náà sí etí aṣọ Màmá?

Àbúrò yín,
Majella

*

Derry
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún

Majella,

Ìwé rẹ dé. Orúnkún mi ní kí n kí ọ.

Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ra maṣíìnì, mo bọ́ gíláàsì ojú mi sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí tíì mi fi tutù. Láàárín ọ̀pá ìpẹja. Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa? Ó lè jẹ́ ẹja ló ń pa.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo wọ ilé iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kọ́là ni mo sì ń rán níbẹ̀ títí wọ́n fi tì í pa. Màmá jókòó ṣáájú mi lórí ìlà kan náà. Maṣíìnì tiwa, irin ni látòkè délẹ̀. Tó bá já lu ẹsẹ̀ rẹ, o ò ní jó mọ́. Èyí tí ìwọ rà, tí ológbò bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ṣubú. Ìwọ náà sì rèé. Sísítà ní ilé ìwé ní kí o hun ìbọ̀sẹ̀, o hun nǹkan kan tí kò ní ojú tí ẹsẹ̀ máa gbà wọlé. Màmá fi ń di ìkòkò gbígbóná mú.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Tìrẹ yàtọ̀. Mo gbà fún ọ pé wàá ní àkísà, sẹ́dà Màmá ni wàá sì fi ṣe é.

Kí tilẹ̀ ni orúkọ ọmọ yìí? Ó ti ń lọ sí oṣù méjì, ẹ ò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnì kankan. Ajá ń lórúkọ ṣáájú kó tó mọ̀ ọ́n gbó.

Gbọ́ mi o. Fi ọwọ́ ara rẹ rán an, kì í ṣe ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ. Tó bá parí, jẹ́ kí n rí i. Tí mo bá wò ó tí mi ò rẹ́rìn-ín, n ó kọ orúkọ ọmọ rẹ sí etí aṣọ Màmá, ì báà ṣe Pùròtẹ́sítáǹtì, ì báà ṣe kèfèrí. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, kí n má gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ mọ́ láé. Mo ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, o rí i.

Dympna

*

Haugesund
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ẹ̀rín. Ó dáa kí ẹ rí nǹkan fi eyín yín ṣe. Mo gba ohun tí ẹ sọ, ẹ má sì pa á dà tó bá yá.

Ní ti orúkọ, àwọn ará ilé Torgeir kì í dárúkọ ọmọ síta títí di ọjọ́ ìsàmì. Bí ìyá wọn àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí ẹ bá lè ní sùúrù fún Páàdì ṣọ́ọ̀ṣì yín tó ń wàásù títí oúnjẹ fi ń jóná lórí iná, ẹ ní sùúrù fún ọmọ jòjòló.

Ní ti maṣíìnì, mi ò bẹ̀ yín o, mo kàn ń bèèrè ni. Mo ti ki òwú bí àwòrán inú ìwé rẹ̀ ṣe wí. Mo ti bọ bọ́bìnì, kẹ̀kẹ́ òwú kékeré yẹn, sí abẹ́ rẹ̀. Mo tẹ pẹ́dà, ó pariwo, ó sì fò lórí tábìlì débi pé ọmọ jí. Òkè aṣọ náà dà bí ẹni pé ó mọ́, àmọ́ nígbà tí mo yí i padà, gbogbo òwú ti wọ́ jọ sábẹ́, ó di ìtẹ́ ẹyẹ. Mo tú u, mo tún un rán, ìtẹ́ ẹyẹ ni. Mo pààrọ̀ òwú, ìtẹ́ ẹyẹ ni. Ìwé tó bá a wá kò ràn mí lọ́wọ́. Ọwọ́ obìnrin kan ló wà nínú gbogbo àwòrán rẹ̀, ó fi àtíkè sí èékánná, ó sì dájú pé obìnrin náà kò bímọ rí. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Majella

*

Derry
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Majella,

Mo kí ọ, mo kí ìtẹ́ ẹyẹ rẹ. Ṣé ẹyẹ ti yé sínú rẹ̀?

Àtíkè kọ́ ni wọ́n ń kùn sí èékánná. O ti gbàgbé èdè ilé rẹ pẹ̀lú.

Irin kékeré kan wà níbi abẹ́rẹ́ yẹn, ó la sí méjì bí pátákò ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ maṣíìnì là ń pè é. Òun ló ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn maṣíìnì, ọ̀pá tín-ín-rín kan wà tí wọ́n fi ń gbé e sókè, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ìwọ ò sọ ọ́ kalẹ̀. O kó aṣọ síbẹ̀, o ń rán afẹ́fẹ́. Nílé iṣẹ́ wa, ọmọ tuntun tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà á dìde, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. A ní ọ̀kan tí à ń pè ní Ẹsẹ̀-Lókè látàrí ìyẹn. Ó di ìyá àgbà, Ẹsẹ̀-Lókè la ṣì ń pè é. Páàdì fúnra rẹ̀ ṣì í pè níbi ìsìnkú rẹ̀.

Tí o bá fẹ́ ki òwú, gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Tí o bá fẹ́ rán, sọ ọ́ kalẹ̀. Tí o bá ń bẹ̀rẹ̀, fi ìka di ìrù òwú méjèèjì mú, ti òkè àti ti bọ́bìnì, kó má baà wọ́ lọ sábẹ́. Má fa aṣọ. Eyín wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó ń gbé e lọ. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o má dí i lọ́wọ́. Pẹ́dà yẹn kì í ṣe aáyán, má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ pa á. Kí o tẹ́ tówẹ̀lì sábẹ́ maṣíìnì kó má fò mọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò ti wúwo ju ìwé àdúrà lọ.

Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tó ti gbó ni kí o fi kọ́ ọ. Tí mo bá gbọ́ pé o fọwọ́ kan sẹ́dà Màmá kí ojú ìrán rẹ tó tọ́, n ó wọkọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Dympna

*

Haugesund
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìmọ̀. Ẹsẹ̀ náà ni lóòótọ́. Mi ò ní dúpẹ́, torí ẹni tó bú èèyàn kó tó ràn án lọ́wọ́ ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Mo rán àpò ìrọ̀rí. Àkọ́kọ́, mo rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, ìrọ̀rí kò ríbi wọlé. Torgeir ní kí n fi bébà sínú rẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ bí lẹ́tà. Ìkejì, mo ki abẹ́rẹ́ sódì, ó kán, ó sì fò kọjá etí mi. Ṣùgbọ́n ìkẹta tọ́. Mo wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ìlà rẹ̀ gún láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì pariwo débi pé aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Inú mi dùn gan-an, ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́. Maṣíìnì tí ẹ ń fi ṣẹlẹ́yà yìí ti mọ ọwọ́ mi. Ilé iṣẹ́ tiyín tó lágbára, ṣebí wọ́n ti sọ ọ́ di fúláàtì báyìí?

Ìbéèrè kan ló kù. Mo ra bébà tí wọ́n fi ń gé aṣọ ìsàmì ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ níbí. Gbogbo ìlà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Borghild, ìyá Torgeir, gbé àkàrà wáfù wá lánàá, ó wo bébà náà, ó ní kí n má gé e sórí ìlà o, kí n fi nǹkan bí ìbú ìka kan síta. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi lo ayé rẹ̀ nílé iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, n ó bi í. Sẹ́dà náà kò ju èyí tó wà nílẹ̀ yìí lọ. Tí mo bá bà á jẹ́, kò sí òmíràn láyé. Ẹ sọ fún mi: orí ìlà ni, àbí ìta?

Majella

*

Derry
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje

Ẹsẹ̀-Lókè,

Mo kí ọ.

Ta ni Borghild? Ṣé obìnrin tó ń jẹ wàràkàṣì tó pọ́n bí ọṣẹ ni ó fẹ́ kọ́ ọmọ Màmá wa, Sadie Harkin, bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ? Kí ló rán rí? Àwọ̀n?

Orí ìlà ni. Wọ́n fa ìlà kí èèyàn lè gé e ni. Tó bá jẹ́ ìta ni wọ́n fẹ́ kí o gé, ìta ni wọn ì bá fà á sí. Nílé iṣẹ́ wa, ẹni tó bá gé ìta ìlà, ọ̀gá á ní kó lọ máa gé koríko fún ewúrẹ́. Gbogbo ìdí tí ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́ fi ń rán àpò dípò aṣọ nìyẹn: ẹ máa ń bẹ̀rù, ẹ máa ń fi díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, títí ọmọ fi rì sínú aṣọ.

Gé e sórí ìlà. Mo sọ ọ́. Lo sísọ́ọ̀sì tó mú, èyí tí wọn kò fi gé bébà rí, kí o sì lo abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù lọ torí sẹ́dà ni. Kí o dá Borghild lóhùn pé a kí i.

Dympna

*

Haugesund
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n Dympna,

Mi ò kí yín. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ má baà rò pé mo gbàgbé ni. Mi ò kí yín.

Mo gé e sórí ìlà. Mo rán an dáadáa, kò sí ìtẹ́ ẹyẹ kan lára rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo gbé e wọ ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò wọ inú apá aṣọ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò pàdé. Ọrùn rẹ̀ nìkan ló fẹ̀, ó ń yọ̀ bọ́ léjìká bí aṣọ onímukúmu. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ náà ló sanra. Mo gbé aṣọ náà àti bébà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, obìnrin ibẹ̀ sì fi ìka kan ọ̀rọ̀ kékeré kan nísàlẹ̀ bébà náà. Ìlà tí wọ́n fà níbí, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà ni. Aṣọ tí abẹ́rẹ́ máa jẹ, agéṣọ ló máa fi í síta fúnra rẹ̀. Ọmọdé ilé ìwé níbí mọ̀ ọ́n. Borghild mọ̀ ọ́n. Borghild tó ń rán àwọ̀n.

Ó wá lọ́jọ́ Sunday, ó rí i lórí tábìlì. Ó kàn fi ọwọ́ pa aṣọ náà, ó lọ bu kọfí fún mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ẹ̀yin ni mo gbọ́ ti yín. Láti kékeré, ohun tí ẹ bá ti sọ, mo máa ń ṣe é, ẹ ó sì máa bú mi bí mo ṣe ń ṣe é lọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kò mọ nǹkan míì, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ. Ẹ ò tilẹ̀ bi mí pé irú bébà wo ni. Ẹ kàn gbọ́ orúkọ Borghild, ẹ sì takò ó. Sẹ́dà Màmá ti tán. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Igbá rèé o, ẹ wá gbé e.

Majella

*

Haugesund
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n Dympna,

Ẹ ò dáhùn. Gbogbo oṣù yìí ni mo fi ń wo àpótí lẹ́tà, ìwé iná àti ìwé omi nìkan ló ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bú mi lórí ìtẹ́ ẹyẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣé bíírò yín ló gbẹ ni? Àbí ọ̀rọ̀ ló tán? Borghild ti gbé aṣọ ìsàmì ilé tiwọn wá fún mi, ó dára gan-an, mo ní kó gbé e padà. Ó bi mí pé kí ni mo wá fẹ́ wọ̀ fún ọmọ. Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Mi ò ní kí ẹ tọrọ àforíjì. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Majella

*

Haugesund
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín nítorí Màmá, kì í ṣe nítorí yín.

Àná la ṣe ìsàmì fún ọmọ náà. Aṣọ tó wọ̀ ló wà nínú àpò yìí. Mo ní ẹ ó rí i tí mo bá parí, mo sì parí rẹ̀.

Ẹ rántí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Torgeir nígbà ìgbéyàwó wa, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ rán gbẹ̀yìn kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ náà pa? Kò wọ̀ ọ́ rí. Ó ní kọ́là yín ń fún òun lọ́rùn bí ọwọ́ yín gan-an. Mo mú sísọ́ọ̀sì sí i. Mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ ọmọ náà, mo fi ṣẹ́ẹ̀tì náà bu aṣọ gígùn sí i láti abẹ́ apá lọ dé ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, mo bù ú sí inú apá náà pẹ̀lú. Ọrùn tó fẹ̀ yẹn, mo kó o jọ, mo rán an mọ́ kọ́là yín. Gbogbo rẹ̀, maṣíìnì oníke ló ṣe é. Nígbà tó kan ibi kọ́là, ó nípọn jù fún un, ó ń kérora, mo fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjá.

Ọmọ náà wọ̀ ọ́, kò sì sunkún. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò tó wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ó ti di ohun tí a lè sọ báyìí. Ẹ wò ó. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà parí bí ẹ ṣe wí. Ẹ ṣáà fi aṣọ mi ránṣẹ́ padà.

Majella

*

Derry
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá

Majella,

Mo kí ọ. Mo kí apẹja. Mo kí Borghild, o lè sọ fún un.

Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé nìyí. Nígbà tí ìwé rẹ dé, mo ní irọ́ lò ń pa. Mo wọ kóòtù, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tó wà nígboro wa, mo ní kí wọ́n fi bébà òkèèrè hàn mí. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, tó fi irin gún imú, ló ṣàlàyé fún mi níwájú gbogbo èèyàn pé, “Ìyá, ti ibẹ̀ yẹn kì í ní àyè ìrán o.” Ó pè mí ní ìyá. Níbi iṣẹ́ wa, ohun tí abẹ́rẹ́ máa jẹ ti wà nínú ìlà kó tó dé ọwọ́ agéṣọ. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé àwọn kan wà láyé tó ń ya aṣọ tí wọn kì í ya oúnjẹ abẹ́rẹ́ mọ́ ọn? Ahun ni wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí o gé e. Mo ti sọ ọ́ nìyẹn, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó kan aṣọ rẹ. Mo ti múra ẹ̀rín sílẹ̀ kí n tó tú àpò náà. Ojú ìrán rẹ ní ẹ̀gbẹ́ òsì ń rìn bí ẹni tó ti ilé ọtí bọ̀. O kò fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn níwájú ju ẹ̀yìn lọ, tí wọ́n bá gbé ọmọ náà dúró á dà bí ìyàwó tó ń sá lọ. Mo wò ó títí mo fi dé ọrùn. Mo rí kọ́là mi. Mo mọ ọwọ́ mi, Majella, kò sí bí n ò ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni mo rán, ọrùn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ ni gbogbo rẹ̀ lọ, mi ò rí ọ̀kan lọ́rùn ọmọ ilé wa rí. Ẹ̀rín náà kò wá. Mo dúró dè é, kò wá.

Nítorí náà mo mú aṣọ Màmá jáde, mo kọ orúkọ ọmọ rẹ sí i. Ọwọ́ mi kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ́. N ó sọ òótọ́ fún ọ, orúkọ burúkú ni. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ sín. Mo rí i pé ìwọ náà ṣi orúkọ ọmọ rẹ kọ, o fi ìlà gbọọrọ bí igi pa lẹ́tà kan rẹ́ níbẹ̀, mo sì fò ó bí o ṣe fẹ́. Slvi. Ó ti wà lábẹ́ orúkọ Gráinne ọmọ mi. Kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá fẹ́ pè é.

Aṣọ rẹ wà níbí. Mo ń lọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́.

Dympna

*

Haugesund
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín tọkàntọkàn, mo fẹ́ kí ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Mo ka ibi tí ẹ ti rí kọ́là yín, mo sunkún. Mo ka ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e, omijé mi gbẹ lójú ẹsẹ̀.

Sølvi lorúkọ ọmọ mi. Mi ò ṣì í kọ. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Lẹ́tà ni o tó ní igi yẹn, ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn, ó wà lára pátákó ojú títì, ó wà lára páálí wàrà. Ẹ ká ẹnu yín bí ẹni tó fẹ́ súfèé, kí ẹ wá pe “e” láti inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fi igi sórí a tó wà nínú orúkọ Gráinne, ta ló ń sọ fún yín pé eruku ló bà lé e?

Torgeir ti rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ dùbúlẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fi gbogbo ọdún yìí jà kí ọmọ yìí lè wà níbẹ̀, ẹ wá yọ fáwẹ̀lì rẹ̀ kúrò kí ẹ tó jẹ́ kó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u, ẹ tún un kọ pẹ̀lú igi rẹ̀. Tí ẹ ò bá lè kọ igi yẹn torí ohun tí aládùúgbò máa sọ, ẹ yọ gbogbo orúkọ náà. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi wà nílé wa ní ìlàjì.

Majella

*

Derry
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá

Majella,

Mo kí ọ. Mo kí Sølvi. Gráinne ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ó yà á gàdàgbà sórí bébà fún mi, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín bó ṣe ń yà á. Ó ní pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi, lẹ́tà kan ṣoṣo ló borí mi.

Mo ti tú u. Kò sí ẹni tó tú orúkọ létí aṣọ yẹn rí, Màmá kò tú ọ̀kan. Sẹ́dà kì í gbàgbé ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, nítorí náà mo ní láti kọ tuntun náà tóbi kó lè bo ojú ihò. Ti ọmọ rẹ ló tóbi jù níbẹ̀ báyìí, ó tóbi ju tèmi lọ, mo sì mọ̀ pé inú rẹ máa dùn bí ẹlẹ́dẹ̀ tó rí ẹrọ̀fọ̀. Igi náà ni mo kọ́kọ́ rán. Mo fa òwú rẹ̀ le, mo so ó pa, kí n tó wá rán o yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má baà wò ó lẹ́yìn ọ̀la kó ní ìgbà tí mo ṣì í kọ tán ni mo fi igi pa á rẹ́.

Philomena tó ń gbé òdìkejì wa wá mu tíì. Ó fi gíláàsì rẹ̀ wò ó, ó ní, “Dympna, ojú rẹ ti ń lọ o, o ti ba lẹ́tà kan jẹ́ níbí.” Mo ní kó gbé ife kalẹ̀. Mo ní ọmọ àbúrò mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà kó bèèrè. Mo ká ẹnu mi bí ẹni tó fẹ́ súfèé, mo pè é fún un. Kò lè pè é. Mo mú kó máa pè é títí tíì fi tutù.

Ẹ wá nígbà Àjíǹde. Má gbé maṣíìnì yẹn dání, onírin wà nílé. Ọmọ náà ni kí o gbé wá, kí n lè pè é kó sì dáhùn.

Dympna